Lẹ́tà Tí Mo Kọ ní Orúkọ Keziah

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Pásítọ̀ ní kí n wá jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe sọ mí di dókítà àgbà nínú iṣẹ́ abẹ ẹnu àti àgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi kò ṣe é pàtẹ́wọ́ fún. Ó ti pé ọdún mẹ́fà tí mo ti gbé e mì; lónìí, màá bì í.

Èmi Fọláfúnmi, ọmọ Ìkìrun níbí, àti Keziah, ọmọ Òkúkù, la jọ kọ́ iṣẹ́ dókítà eyín. Yàrá kan la gbé, ìkòkò kan la fi ń se oúnjẹ. Àwa méjèèjì la fẹ́ kọ́ṣẹ́ abẹ àgbọ̀n, bẹ́ẹ̀ iléèwòsàn tí a fojú sí, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà lọ́dún. Láti ọdún kẹrin la ti ń múra sílẹ̀. Èmi á kàwé títí ojú mi á pọ́n. Keziah á kà á lẹ́ẹ̀kan, á sì jókòó tì mí, á ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ohun tó yẹ kí n máa dúpẹ́ fún gan-an ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ kan olùkọ́ wa gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo wa, wọ́n ní, "Ẹ wo ọwọ́ oníṣẹ́ abẹ." Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo wo ọwọ́ tèmi. Kí ló ṣe é?

Lẹ́yìn tí a jáde, tí a ti fi ìwé wa ránṣẹ́, ìyá Keziah ṣubú ní Òkúkù, ó sì lọ tọ́jú wọn. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára ládùúgbò wọn. Ó fún mi ní páswọ́ọ̀dù ímeèlì rẹ̀, ó ní kí n máa bá òun wò ó. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ìwé dé: wọ́n ní kó wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mo ṣí tèmi. Wọ́n ní bí àyè bá ṣí, àwọn yóò pè mí.

Nírọ̀lẹ́, ó pè mí, ó béèrè bóyá nǹkan kan ti dé. Mo ní rárá. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, irọ́ nìkan ni ǹ bá pa. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ̀wé ní orúkọ rẹ̀ pé òun kò fẹ́ àyè náà mọ́, pé òun ń lọ sílé ọkọ. Mo tilẹ̀ bá a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo wá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi pè mí, wọ́n sì gbà mí.

Keziah ló ra aṣọ funfun tí mo kọ́kọ́ wọ̀ síṣẹ́. Ó gbà pé wọn kò fẹ́ òun ni; òun fúnra rẹ̀ kò gbìyànjú mọ́. Sáyẹ́ǹsì ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní Inísà báyìí.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá mo lọ bá a níbẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fọláfúnmi, ọdún mẹ́fà ni mo fi ń sọ fún ara mi pé olódo ni mí. Má bẹ̀ mí lónìí. Lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń yìn ọ́."

Mo ti kọ̀wé sí iléèwòsàn náà. Kí wọ́n ṣe mí bó ṣe yẹ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń du àyè, ẹ ṣọ́ra: mo fẹ́ràn Keziah lọ́jọ́ tí mo ṣe é. Ẹ má tíì bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Ẹni tó bá ń lọ sí Inísà nínú yín, kó ṣáà bá mi sọ fún un pé mo ti sọ ọ́ lójú gbogbo ìjọ pé kì í ṣe olódo.