Ohùn Tí Mo Gé Kúrò Lẹ́nu Ìyá Aránṣọ

Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹ̀rọ sétí láti gbọ́ ohun tí ojú àwọn ẹlẹ́wọ̀n rí nínú ilé yìí, ẹ dúró díẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ṣí ilé ìrántí yìí ni irọ́ ti wà nínú ohun tí ẹ ń gbọ́. Èmi ni mo fi síbẹ̀. N ó sọ ọ́.

Kò pẹ́ tí mo jáde ní yunifásítì tí wọ́n gbà mí síbí láti máa to ẹ̀rí àwọn tó yè jọ. Ìyá aránṣọ kan jókòó síwájú mi. Láyé ìjọba apàṣẹwàá, wọ́n mú òun àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n fi aṣọ dì wọ́n lójú. Ó ní, "Ọmọ mi, mi ò rójú ẹni tó mú àbúrò mi lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́: 'Gbẹ́sẹ̀, fi lélẹ̀, arẹwà, àtẹ̀gùn kì í jẹ èèyàn.' Ó tún rẹ́rìn-ín! Ẹni tó bá mọ ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀, kó bá mi bi í: ibo ló sin ín sí?"

Gbólóhùn yẹn gan-an ni bàbá mi fi kọ́ mi láti gun àtẹ̀gùn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn. Bàbá mi tó máa ń sọ fún wa pé ẹrù lòun ń ṣọ́ títí òun fi fẹ̀yìntì. Mo gé ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ohùn ìyá tí a gbà sílẹ̀. Ìka kan péré ni mo fi ṣe é. Wọ́n ní ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi ọmọ ni mo pọn ọ̀ràn bàbá.

Nílé, bàbá mi ń bó ọsàn. "Wọ́n ní ẹ ń gba ohùn àwọn arúgbó sílẹ̀. Ṣé kò sí wàhálà?" "Kò sí, sà." Ó wò mí títí, ó na ẹ̀là kan sí mi lórí ọ̀bẹ. Mo jẹ ẹ́.

Èyí tó burú jù ṣì kù. Ìyá aránṣọ wá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn sọ dà?" Mo ní, "Ìyá, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni." Ó di orí mú. "Àbí mo lálàá rẹ̀ ni?" Mo ní, "Ó lè jẹ́, mà." Apàṣẹwàá gba àbúrò rẹ̀, èmi gba ohun tó ṣẹ́ kù.

Mo ti dá ọ̀rọ̀ náà padà síbi tí mo ti gé e. Bàbá mi kò tíì mọ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ìwé tí ẹ kà kò ní gbà yín lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá jókòó sínú ilé yín, tó ń pè yín lọ́mọ. Ìyá, ẹ forí jì mí. Ẹ ò ṣarán. Ilé tó kọjú sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ni tiwa, lókè pátápátá. Ẹ wá bi í. Èmi ni n ó ṣílẹ̀kùn.