Obìnrin Onílààlì Tí Mo Pè Ní Àṣàkẹ́

Àmúdàtù, ti ìlẹ̀kùn, kí o jókòó. Dókítà ti sọ tirẹ̀, ó ku èmi. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ bá mi wọ sàréè. Ìyá rẹ kò kú lọ́jọ́ tí bàálù já. Irọ́ ni mo pa fún yín, má tíì dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Mo jowú ìyá rẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà nílé Tìrìmísíyù bàbá rẹ láìbímọ, kó tó gbé Àṣàkẹ́ wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò pé ọdún kan tó fi bí ọ. Bàbá rẹ, káfíńtà tí kò ráyè kan àpótí ìjókòó mi tó yẹ̀, ló kan bẹ́ẹ̀dì ìrókò fún un. Nígbà tí àwọn òyìnbó ológun fẹ́ fi bàálù dárà ní pápá kan lẹ́yìn Surulere, lọ́dún kẹjọ tí ogun Hítílà parí, ọjọ́ oúnjẹ mi ni. Èmi ló tọ́ kó mú jáde. Ó ní, 'Sìmíátù, bá wa tọ́jú ọmọ, Àṣàkẹ́ ò rí bàálù nítòsí rí.' Ṣé èmi ti rí i rí ni? Mo pọ̀n ọ́, mo ń ṣépè lábẹ́lẹ̀.

Wọ́n ní bàálù kan fò wálẹ̀, kò lè gòkè mọ́, ó já lu èrò ìwòran, ó sì gbiná. Awakọ̀ rẹ̀ kú sínú rẹ̀. Wọ́n gbé bàbá rẹ wálé, èrò ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ kán. Ó ń sunkún pé, 'Sìmíátù, bá mi wá Àṣàkẹ́.' Mo lọ. Wọ́n fi tapólì bo àwọn òkú. Ọ̀kan ti jóná kọjá dídámọ̀, àfi ẹsẹ̀ kan tí lààlì wà ní àtẹ́lẹ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ kì í lé lààlì, òórùn rẹ̀ máa ń fọ́ ọ lórí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ọlọ́pàá bi mí pé, 'Ìyá, ṣé ẹni yín rèé?' Mo ní, 'Òun ni.' Ohun tó ti ń wù mí tipẹ́ ni ẹnu mi sọ.

Òkú Mùsùlùmí kì í pẹ́ nílẹ̀. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn alfa ti kírun sí i lára, wọ́n ti sin ín. Bàbá rẹ tí kò lè dìde kò rí i.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ambrose gun kẹ̀kẹ́ wá láti ọsibítù. 'Màdáàmù, obìnrin kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ó ní kí n wá Tìrìmísíyù káfíńtà.' Mo sáré pàdé rẹ̀ níta kí bàbá rẹ má baà gbọ́, mo ní a ti sin ẹni tiwa. Síbẹ̀ mo lọ wò ó. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé e lórí àti lọ́rùn. Ó dá mi mọ̀. 'Ìyáálé mi, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ẹ sáà gbé Àmúdàtù wá kí n rí i.' Mo ní mo ti gbọ́. Bí mo ṣe ń jáde, nọ́ọ̀sì béèrè bóyá ẹbí rẹ̀ ni mí. Mo ní aládùúgbò lásán ni mí, pé ẹbí rẹ̀ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìkà ni mí, mo mọ̀.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ọkàn mi dá mi lẹ́bi. Mo wẹ̀ fún ọ, mo pọ̀n ọ́, mo rìn dé géètì ọsibítù. Mo ti gbé ẹsẹ̀ kan wọlé nígbà tí o fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn, o ní, 'Màámi.' Ìyá rẹ nìkan lo máa ń pè bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ ni mo ti ń retí kí ẹnì kan pè mí bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé bí o bá fojú kàn án, n kò ní gbọ́ 'Màámi' lẹ́nu rẹ mọ́. Mo yí padà. Mo gbọ́ pé ìyá rẹ kú lọ́jọ́ kejì. Ìjọba sin ín síbi tí n kò mọ̀.

Obìnrin onílààlì náà ní àwọn tó wá a títí tí wọn kò rí i. Orí sàréè rẹ̀ ni bàbá rẹ ti ń ṣàdúà fún Àṣàkẹ́ títí ó fi kú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ fi àyè sílẹ̀ sí fún mi. Ẹ má sin mí síbẹ̀.

Dárí jì mí, ọmọ mi, bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, n kò bínú. Ṣùgbọ́n má pè mí ní Màámi lónìí. Pe Àṣàkẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, kí n gbọ́ ọ.