Báàjì tó Wà Lórí Ìṣó

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù, ọyẹ́ bo gbogbo Ìlọrà, ẹ sì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú búrẹ́dì lọ́wọ́, Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀rìndé. Ẹ káàbọ̀. Búrẹ́dì kọ́ ni mo ní kí ẹ mú wá. Ìwé ni mo ní kí ẹ wá fọwọ́ sí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọ̀gá wa níbi tí a ti ń kó ẹrù sínú bàálù, pé ọdún mẹ́sàn-án ni èmi Sofiyullah fi gbé àpótí oògùn ọsibítù tó ń tan ìtànṣán tí ojú kò rí, tí mo gbé e mọ́ àyà bí ọmọ.

Ṣé wọn ò kọ́ wa ni? Kí a má gbé e mọ́ra, kí a má kó o jọ sójú kan, kó jìnnà síbi tí èrò jókòó sí. Mi ò parí ìwé mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ìlà pupa ara rẹ̀ bá pé mẹ́ta, ó ti le nìyẹn. Kẹ̀kẹ́ tí à ń fi tì í bàjẹ́, ẹ ní bàálù ò ní dúró dè wá. A gbé e.

Ẹ ní báàjì ńkọ́? Èyí tí wọ́n fi sí wa láyà kó máa ka ìtànṣán tó wọ̀ wá lára? Mo máa ń bọ́ ọ bí mo ti ń bọ́ aṣọ tó dáa kí n tó wọ oko, kí òógùn má bà á jẹ́. Ìṣó ara ògiri ọ́fíìsì yín ni mo máa ń fi í kọ́ sí. Ta ló rí i tó ní, “Sofiyullah yìí mọ nǹkan tọ́jú”? Ta ló ní kí àwọn yòókù náà máa ṣe bẹ́ẹ̀? Mo fi Ọlọ́run búra, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ọ̀gá yìn mí.

Ìṣó ni wọ́n kà, Ẹ̀gbọ́n. Dókítà n'Ìbàdàn ní ẹ̀jẹ̀ mi ń gbẹ, ó ní kí n mú àkọsílẹ̀ ìtànṣán wá. Iléeṣẹ́ yọ ọ́ jáde: òdo, òdo, òdo. Wọ́n ní ara mi mọ́ ju ti ẹni tó jókòó sílé lọ. Ràfíátù ìyàwó mi ti ya ife mi sọ́tọ̀. Mo ní kì í ràn. Ó ní òun mọ̀, ó sì tún ya ṣíbí.

Ẹ ní bí ẹ bá fọwọ́ sí i, iṣẹ́ yín lọ nìyẹn? Mo gbọ́. Bí èmi bá wà nípò yín, bóyá èmi náà ò ní fọwọ́ sí i. Ohun tó ń pa mí gan-an nìyẹn.

Ìwé náà rèé. Bíírò rèé.

Ẹ ò mú un. Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n kọjá, mò ń lọ hú gbágùúdá.