Ṣé Èdè Yorùbá Ni Ẹ̀jẹ̀ Mi Ń Gbọ́ Ni?

Alága wa, Alhaji Ràhímù, ẹni tó ra bọ́ọ̀lù tí à ń gbá. Ẹ̀yin bàbá tó ti Ọ̀yọ́ wá tajà ní Warri kí wọ́n tó bí wa. Ẹ̀yin ìyá wa, pàápàá Sàlíhátù tó bí mi lọ́mọ. Ẹ̀yin àlejò láti Ekurede-Urhobo, tí a ti nà rí, tí a ó sì tún nà: mo kí yín o. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi Nasirudeen, kápítéènì yín, ni mo dìde láti dágbére fún pápá.

Bọ́ọ̀lù tí mo gbá lọ́dún tó kọjá ṣì wà lófuurufú pápá wa, kò tíì balẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi.

Ẹ rántí ọjọ́ náà. Páànù tí ẹnìkan jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá gé mi lẹ́yìn orúnkún, ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi ẹ̀rọ. Súnkànmí tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó fi tẹ ojú ọgbẹ́, ó ń pariwo, "Make una carry am go hospital!" Ọlọ́run á gbé Súnkànmí ga. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà mélòó ló wà ní pápá lọ́jọ́ náà, tí ẹsẹ̀ mi fi wọ́? Ẹ̀yin àgbà ní, "Ọmọ ilé wa ni, ará ilé wa ni yóò tọ́jú rẹ̀." Torí pé Baba Dáramọ́lá tó ń to eegun ní Ijala jẹ́ ará ìlú yín, ẹ gbé mi kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn! Ṣé èdè Yorùbá ni ẹ̀jẹ̀ mi ń gbọ́ ni?

Baba fi ọparun di ẹsẹ̀ mi, ó so ó le dan-in dan-in. Mo ní, "Baba, ẹsẹ̀ mi ti tutù bí ẹja inú yìnyín." Ó ní, "Ó ń sinmi ni." Gbogbo yín gbè é: "Ó ń sinmi ni." Ó sinmi títí ilẹ̀ fi mọ́, ìka rẹ̀ sì dúdú!

Nígbà tí ẹ wá gbé mi dé ilé ìwòsàn, Dókítà Jemima tú u, ó figbe ta: "Who tie this leg like Sallah ram?" Alága ń wo òkè àjà. Wọ́n rán iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gé. Dókítà ní rírán nìkan kò tó: pípẹ́ tí ẹsẹ̀ ti pẹ́ láìrí ẹ̀jẹ̀, dídì tó fún un pa, wíwú tó wú, wọ̀nyí ló lè dènà ẹ̀jẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ rán an dáadáa. Ó tún kìlọ̀ sìgá fún mi. Èmi tí n kò mu sìgá... ìyá mi ń wò mí. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀síwájú.

Wọ́n ti gé ìka ẹsẹ̀ mi méjì. Ẹ ní kádàrá ni. Ṣé kádàrá ló gbé mi lọ Ijala, àbí ọkọ̀ Alága?

Mo wá gbọ́ pé lónìí yìí gan-an lẹ fẹ́ fi Baba Dáramọ́lá jẹ dókítà ẹgbẹ́ wa. Háà! Aṣọ kápítéènì rèé lápá mi. N kò ní tú u fún Peculiar tó fẹ́ gba ipò mi, àfi bí Alága bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ mi. Ẹ bọ̀ níbí, bàbá. Ẹ kan tọ̀tún. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, àbí? Ẹ wá kan tòsì.

Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló dé tí ẹ yára fa ọwọ́ yín sẹ́yìn? Ẹ sọ ọ́ sókè kí àwọn ará ẹ̀yìn gbọ́: ẹni tó bá tún fara gbọgbẹ́, ilé ìwòsàn tààrà! Ó ti sọ ọ́ o! Súnkànmí, ìwọ lẹlẹ́rìí.

Peculiar, ọmọ Ìlàjẹ, na apá rẹ. Mò ń so ó fún ọ báyìí. Wò ó, ìka mi ṣì ń wọ abẹ́ rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbẹ́ kò ní mọ ilé yín. Ẹsẹ̀ yín kò ní tutù lójú ayé yín. Ẹni tó bá fẹ́ sunkún nítorí mi, kó sun ún nílé. Ẹ ṣé o.