Ìbẹ́pẹ Tí Ọlọ́run Fi Tú Inú Mi Sílẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n dúró dáadáa kí gbogbo yín rí mi, nítorí ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mi ò lè nàró. Bàbá o, ẹ ṣé! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa. Kò jẹ́ kí wọ́n fi ọ̀bẹ là mí nínú!

Ẹ mọ̀ mí, èmi tíṣà kíláàsì fọ́ọ̀, èmi tí mo fẹ́ràn àṣejù. Nígbà tí Lẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀, tí àwọn kan ń fi ẹran sílẹ̀, mo ní tèmi yóò le ju ìyẹn lọ. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé èso kankan kò ní kan ẹnu mi fún ogójì ọjọ́. Kò sí ọsàn, kò sí ìbẹ́pẹ, kò sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Gàrí nìkan. Mo ń mu ún láàárọ̀, mo ń fi ṣe ẹ̀bà lọ́sàn-án, mo tún ń mu ún lálẹ́.

Fúnmiláyọ̀, ìyàwó àbúrò ọkọ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, gbé ìbẹ́pẹ wá fún mi. Mo dá a padà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú yín á gbẹ o." Ó sì gbẹ! Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì, mo kàn ń lọ jókòó lásán sí sáláńgá ni. Mo lo iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ inú, ó ṣí lẹ́ẹ̀kan, ó tún tì pa. Mo mu òróró kásítọ́ọ̀lì, inú kàn ń kùn. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, inú mi le bí pákó. Dókítà ní bí kò bá sí ìyípadà títí di ọjọ́ Mọ́ńdè, òun á fi mí ránṣẹ́ sí Ìbàdàn fún ọpuréṣọ̀n. Ha! Ẹ̀rù bà mí. Yàrá ọpuréṣọ̀n ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wọ̀ tí kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ̀rù mú mi ṣe. Mo rántí ọ̀rọ̀ Fúnmiláyọ̀, mo ní èpè ni. Níbí yìí, ní ìpàdé àdúrà Ọjọ́rú, mo dárúkọ rẹ̀ ketekete, mo ní kí Ọlọ́run fi ọ̀tá mi hàn. Ẹ̀yin náà ṣe Àmín.

Lọ́jọ́ Sátidé, ta ló wọlé? Fúnmiláyọ̀! Ó sì ti gbọ́ ohun tí mo sọ o. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé agolo mílíìkì kan kalẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ti bi dókítà, ó ní kò burú. Ìbẹ́pẹ àti gúrófà ni mo sá gbẹ tí mo lọ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín kan ń gbé inú ìfun wa, Ọlọ́run ló fi wọ́n síbẹ̀, wọ́n ń bá wa ṣiṣẹ́. Ohun tí inú wa ò lè dà lára èso, òun ni wọ́n ń jẹ. Ẹ̀yin lẹ jẹ́jẹ̀ẹ́ o, àwọn ò jẹ́jẹ̀ẹ́ kankan. Ẹ ti febi pa wọ́n."

Ojú tì mí. Mo po ìyẹ̀fun náà mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo mu ún láàárọ̀ àti lálẹ́, mo sì ń mu omi púpọ̀. Mo yí àdúrà mi padà, mo ní, "Bàbá, bí mo bá ti purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ, ẹ dárí jì mí."

Mọ́ńdè dé. Ọkọ mi ti gbé báàgì Ìbàdàn sẹ́nu ọ̀nà. Inú mi sì yí! Mo sáré, mo gbàgbé sálúbàtà. Ẹ̀yin ará, mo kọrin nínú sáláńgá! Ọkọ mi rò pé ẹkún ni. Nígbà tí dókítà tẹ inú mi, ó ní kí n máa lọ sílé, kò sí ọpuréṣọ̀n mọ́.

Fúnmiláyọ̀, dìde, kí wọ́n rí ọ. Ibi tí mo ti bà ọ́ lórúkọ jẹ́ náà ni mo ti ń tọrọ àforíjì. Mo ní kí Ọlọ́run fi ọ̀tá mi hàn, ó sì fi í hàn mí: ẹnu ara mi ni. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe Àmín lọ́jọ́rú yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi jó yí ọmọ yìí ká, kí Halelúyà tòní bo Àmín ọjọ́ náà mọ́lẹ̀! Halelúyà!