Ẹnu Mi Ló Dárúkọ Sùlé

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ̀rù ń bà mí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́nà oko báyìí, màá máa wá ibi tí màá sá sí. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò tíì sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Odo-Ape.

Èmi kò nílẹ̀, bàbá mi náà kò ní. Oko olóko la fi ń jẹun: à ń kọ ebè fún ẹni ẹlẹ́ni, bí onílẹ̀ bá sì bínú sí wa, a ó di ẹrù wa. Igbó kan wà tí ìjọba gbà láyé ijọ́un pé àwọn fẹ́ fi dá oko ńlá, tí wọ́n pa tì títí ó fi di ilé ọ̀yà. Sùlé, alágbàṣe bíi tiwa tó mọ̀wé díẹ̀, ló ní ká wọ̀ ọ́. Ìdílé méjìlá la jọ ṣán an. Sùlé kọ lẹ́tà pé kí ìjọba fún wa níwèé ilẹ̀ náà, gbogbo wa sì tẹ̀ka sí i. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wa iṣu tí mo lè pè ní tèmi, orí ebè ni mo jókòó sí tí mo ń sunkún.

Àṣé ọlọ́lá kan ti ní òun ti ra igbó náà! Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́, aṣojú rẹ̀ dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Kò jágbe mọ́ mi o. Ńṣe ló fa àpótí, ó jókòó, ó kí mi bí a ṣe ń kíra wa níbí.

"Ìyá, okun o. Ta ló kọ lẹ́tà yẹn? Bí ẹ bá sọ, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan oko yín."

Mo wo ìbọn. Mo wo oko mi. Mo ní, "Sùlé ni."

Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ wúwo lẹ́nu mi! Ní ọjọ́ kẹta, àwọn oníbọn yẹn wá mú Sùlé lórí ebè, lójú gbogbo wa. Bí wọ́n ṣe ń tì í sínú ọkọ̀, ó ń pariwo pé ká má filẹ̀ sílẹ̀. Oṣù kẹrin rèé, a kò gbúròó rẹ̀. Ẹni tó ta ará ilé rẹ̀ lọ́pọ̀, kò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́.

Àbẹ̀ní ìyàwó rẹ̀ ló wá ń gbórí lé mi léjìká, tó ń ní, "Àǹtí mi, ẹ̀yin nìkan lẹ kù fún mi." Àwọn tó kù ní mo láyà, wọ́n ní èmi ni kí n rọ́pò Sùlé, kí n mú lẹ́tà tuntun lọ bá ìjọba ní Lọ́kọ́ja. Èmi tí mo tà á!

Lánàá, aṣojú yẹn tún dé. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ta ni olórí wa báyìí. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà tí n kò bá tíì sọ, òun á lọ sọ fún Àbẹ̀ní ẹni tó ta ọkọ rẹ̀. Orúkọ wo ni kí n dá fún un? Tèmi ló wà lókè lẹ́tà tuntun náà.

Ẹ gbà mí o! Ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Àbẹ̀ní kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọkùnrin yẹn? Bí mo bá jẹ́wọ́, ta ló tún máa gbẹ́kẹ̀ lé mi? Bí mo bá sá, ta ló máa mú lẹ́tà dé Lọ́kọ́ja? Ẹ tètè dá mi lóhùn, ọ̀túnla lọjọ́ ọjà.