Kọ́kọ́rọ́ Àtẹ̀gùn Ẹja

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ afìwọ̀pẹja, kí ẹ tó nawọ́ sókè pé kí wọ́n wó àtẹ̀gùn ẹja, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú pé mo jókòó sọ ọ́. Dókítà ní ọkàn mi ti ṣiṣẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, kí n má dúró pẹ́ mọ́. Kò mọ ẹrù tí mo gbé lé ọkàn náà láti ọdún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi ò tíì pé mẹ́ta tó ti rẹ̀ mí. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé kò sí ohun tó ṣe àtẹ̀gùn yẹn. Èmi ni mo ba orúkọ rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ lè má mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Láti ayé àwọn bàbá wa ni ògiri ti wà tó dínà odò, tí ẹja tó fẹ́ lọ yé ẹyin lórí òkúta wẹ́wẹ́ lókè lọ́hùn-ún á kàn dé ibẹ̀, á forí sọ ọ́, á sì pẹ̀yìn dà. Àwọn ará iléeṣẹ́ omi àti àwọn ẹgbẹ́ aláàbò odò ló wá bá wa nínú yàrá yìí, lórí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mì yìí, wọ́n ní àwọn ò lè dá a ṣe, pé àwa tí à ń jókòó sétí odò lójoojúmọ́ la mọ ọ̀nà ẹja. Gbogbo wa la jọ ru òkúta. Ẹnjiníà, obìnrin tó ya àwòrán iṣẹ́ náà, wọ inú omi dé ìbàdí pẹ̀lú wa. A ṣe adágún kéékèèké léra wọn, kí ẹja máa fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sí òkè. Ní orí rẹ̀ ni ilẹ̀kùn irin kan wà, oníhò bí asẹ́, tí à ń tì nígbà tí a bá fẹ́ gbá ìdọ̀tí. Omi lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹja ò lè kọjá. Abẹ́ omi ló wà, ẹni tó dúró létí odò ò lè mọ̀ bóyá ó ṣí tàbí ó tì. Inú yàrá kékeré kan la ti ń yí i. Ẹnjiníà ní kọ́kọ́rọ́ yàrá náà ò gbọdọ̀ wà ní ọ́fíìsì, kó wà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ẹja. Èmi ló gbé e fún. Ọjọ́ yẹn lẹ sọ mí ní Oníkọ́kọ́rọ́, orí mi sì wú. Lọ́dún kìíní, ẹja gòkè débi pé a ka iye wọn títí ó sú wa.

Aránṣọ, má wolẹ̀, ìwọ kọ́ ni mo fẹ́ bú. Ọdún mẹ́fà ni ìwọ fi gba ife ìdíje wa léraléra. Èmi tí mo ti tún gbogbo páìpù àdúgbò yìí ṣe, tí mo ti ń bá omi jà láti kékeré, ẹni tó ń jókòó ti máṣíìnì látàárọ̀ ló ń nà mí lórí odò. Ìlara ni, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Ìdíje wa máa ń bọ́ sí Sátidé tó ṣáájú oṣù tí a kì í ju ìwọ̀ rárá, àwọn ẹja sì ti ń gbéra lọ sókè. Ní Wẹ́sìdeè, lọ́sàn-án gangan, mo lọ ti ilẹ̀kùn náà. Èèyàn méjì kí mi pé ẹ kú iṣẹ́, mo ní ẹ ṣé o. Ta ni yóò fura sí ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́?

Nígbà tó fi máa di Sátidé, ẹja ti kún ìsàlẹ̀ ògiri. Mo jókòó síbẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ jókòó sí. Mo mú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, a wọ̀n wọ́n, a dá wọn padà sómi. Aránṣọ mú mẹ́fà. Òun náà ló kọ́kọ́ bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "Odò mọ ẹni tó ń tọ́jú òun." Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Mo ti pinnu pé màá ṣí i nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ ò kúrò níbẹ̀, gbogbo yín ń wo ọ̀pọ̀ ẹja, ẹ̀rù sì bà mí pé ẹnì kan á rí mi, á béèrè ìgbà tí ilẹ̀kùn ti wà ní títì. Mo sún un di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀tunla. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tì í nítorí ife, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi tì í nítorí ìtìjú. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ògiri wo inú omi, mo rí abo ẹja kan lókè àtẹ̀gùn, ikùn rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó ń fẹnu gbá irin náà títí ẹnu rẹ̀ fi bó. Ó da ẹyin rẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, mo sì ń wò ó. Nígbà tí mo wá ṣí i, òkú ẹja ló kù.

Ẹ máa rò pé èyí ló burú jù. Rárá. Nígbà tí iléeṣẹ́ omi pe ìpàdé láti wádìí ohun tó pa ẹja, Ẹnjiníà bi mí níṣojú yín, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ̀ ń débẹ̀ lójoojúmọ́. Ṣé ilẹ̀kùn ò tì rí?" Mo ní, "Kò tì fún ìṣẹ́jú kan." Ì bá ṣe pé ó bá mi jiyàn, ì bá sàn. Ó kàn wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Tí Bàbá bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á jẹ́ pé èmi ni mo ṣi ìṣirò ṣe." Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní àtẹ̀gùn náà ga jù fún ẹja, kí n tì í pa títí wọn yóò fi wó o. Ẹ rí i bí? Èmi náà ni wọ́n tún ní kí n tì í.

Láti ìgbà náà ni mo ti kọ ojú ife yẹn sí ògiri. Ìyàwó mi béèrè ìdí, mo ní kí oòrùn má bàa pa ojú rẹ̀ rẹ́. Ó ní láti ìgbà wo ni oòrùn ti ń wọ yàrá tí kò ní fèrèsé. Kò tún béèrè mọ́, ṣùgbọ́n kì í nu ife náà.

Aránṣọ, ó wà nínú báàgì yìí, tìrẹ ni. Mo ti kọ̀wé sí Ẹnjiníà lánàá, mo bẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀bẹ̀ á wọlé. Ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa, kó gbé e dé iléeṣẹ́ omi. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́, bí wọ́n bá fún yín ní kọ́kọ́rọ́ ohunkóhun, ẹ bẹ̀rù ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní fura sí yín. Ẹ̀yin ará, ẹ forí jì mí.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ ògiri kọjá bí mo ṣe ń bọ̀. Àwọn ẹja ti dé. Wọ́n ti ń fò. Kọ́kọ́rọ́ náà rèé lórí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ó lẹ́tọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ lọ ṣílẹ̀kùn fún wọn, kó tó padà wá bú mi. Mo jókòó síbí.